Ìyá Onílẹ̀kùn Àgọ́ Ìjìyà

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Stefka Hnatiuk fi ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ ìjìyà ní pápá yìnyín tí wọ́n ti ń gbá họ́kì ní ìlú Kalyna, tí ó sì fi tì í. Iṣẹ́ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń fi ojú kékeré wò ni. Bí ọmọkùnrin kan bá fi ọ̀pá họ́kì ṣá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, tàbí tí ó fi ìkúùkù la ètè rẹ̀ sí méjì, rẹfirí yóò nàka sí ibi tí Stefka jókòó sí. Stefka yóò ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà yóò wọlé, yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì, yóò sì máa tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, márùn-ún ni fún ìjà. Bí aago bá ti pé, Stefka yóò tún ṣílẹ̀kùn, ọmọ yóò sì padà sójú ogun.

Ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Fedir. Ní ọdún 1968, ọmọ kan tí inú ń bí wọ inú àgọ́, ó ju ọ̀pá rẹ̀ láì wẹ̀yìn, ọ̀pá náà sì ba Fedir lágbọ̀n. Eyín fọ́n ká orí ilẹ̀ bí àgbàdo tí a ṣẹ́ dànù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkùnrin kan ní Kalyna tí ó fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Stefka, ẹni ọdún márùndínlógójì, tí ó ń gé ẹran ní ilé ìtajà àjùmọ̀ní ìlú, dìde ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Ẹ gbé e fún mi."

"Ìwọ kẹ̀, Stefka? Ẹ̀jẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ o."

"Ẹ̀jẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi han alápatà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ fún wọn ni pé Metro, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ni abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ẹgbẹ́ họ́kì ìlú náà ní ọdún yẹn, òun sì fẹ́ wà ní ibi tí òun yóò ti lè fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ìgbà mọ́kànlá ní sáà ọ̀hún ni ó nu ẹ̀jẹ̀ nù lójú Metro, tí ó sì ṣílẹ̀kùn fún un pé kí ó padà lọ jà. Nígbà tí Metro pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó pé mẹ́tàdínlógójì, wọ́n rí òkú rẹ̀ tí ó ti gan bí igi nínú oko àlìkámà, kò jìnnà sí ilé rẹ̀, ó di bàtà rẹ̀ méjèèjì mú lọ́wọ́. Stefka ló wẹ òkú náà. Ó ka àpá tó wà ní orí rẹ̀, kò sì sọ iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Àwọn ènìyàn rò pé yóò fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò fi í sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìsìnkú, ó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́, ó sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀.

Ní sáà tí a ń sọ yìí, sáà tí ó wọ ọdún 1994, Àwọn Àṣá Kalyna, ẹgbẹ́ ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ìlú ń lá àlá rere. Nínú ìdíje mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, mọ́kànlá ni wọ́n borí. Àwọn àgbẹ̀ ń ra bíà fún kóòṣì, ọ̀gbẹ́ni Kent Brannigan, ní ilé ọtí, wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ìgbà tí òtútù oṣù kọkànlá wọlé ni nǹkan wó. Aṣọ́lé, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu góòlù, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó ń gbá rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣeré wọlé jù lọ gba ìpè ẹgbẹ́ ńlá kan, ó sì lọ láì wẹ̀yìn. Wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ọdún fi máa parí, ìgbà mẹ́sàn-án tẹ̀léra ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Àwọn tí ń ra bíà fún Brannigan bẹ̀rẹ̀ sí í tu itọ́ sí fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀. Kóòṣì tí kò rí rọ́bà gbá wọlé, ìjà ló máa ń tà fún àwọn èrò ìwòran, ẹni tí ó sì ń bá a tà á ni Lyle Arcand.

Lyle jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọmọ apẹja láti ìhà àríwá, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti ń tán sí etí adágún. Ọmọ àgbàtọ́ ni ó jẹ́ nílé Stefka, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀ pé kí àwọn ará ìlú gba àwọn ọmọ agbáhọ́kì tó ti ọ̀nà jíjìn wá sílé, kí wọ́n máa bọ́ wọn. Láàárín ọdún méjì, ẹgbẹ́ mẹ́ta ti fi Lyle ṣe pàṣípààrọ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó dé ní oṣù kẹsàn-án, inú àpò ọ̀rá dúdú méjì ni ẹrù rẹ̀ wà, inú rẹ̀ ló sì ń wà. Bí ó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, yóò tú àpò; bí ó bá bọ́ ọ, yóò dá a padà. Oṣù kọkànlá ti ń parí lọ kí Stefka tó wọ yàrá rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó rí aṣọ nínú dùrọ́ọ̀.  Ó jókòó sí etí ibùsùn náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ din ẹyin.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá ni Lyle bá ọmọ gíga kan láti ẹgbẹ́ àlejò jà níwájú àgọ́ náà gan-an. Akoto bọ́ lórí rẹ̀. Ọmọ gíga náà gbé e, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ìpàkọ́ Lyle ló sì kọ́kọ́ kan yìnyín. Stefka gbọ́ ìró náà láti ẹ̀yìn gíláàsì àgọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ìró tí àáké alápatà máa ń ṣe ni, nígbà tí ó bá la egungun já tí ó sì kan pákó. Lyle dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìlú sì hó.

Láti ọjọ́ náà, Lyle ń pa iná yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ń bì ní àárọ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Ó da mílíìkì sínú ìkòkò tíì. Ó béèrè lọ́wọ́ Orest, ọkọ Stefka, ẹni tí ń wa ọkọ̀ tí ń fi omi gbígbóná dán yìnyín, pé ọjọ́ wo ni òní. Orest dá a lóhùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún béèrè.

"Ìyá Danylo," ni Orest wí, bí wọ́n ti jọ ń fọ abọ́, "ọmọ yìí ń ṣe bí i Metro."

"Mo lójú, bàbá Danylo."

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Mò ń rò ó."

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kíní, tí ó jẹ́ Alẹ́ Mímọ́ Kérésìmesì àwọn ènìyàn wọn, tí wọ́n ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ ka ọjọ́ ọdún, ni ọ̀rọ̀ náà tú síta. Stefka ti se oúnjẹ méjìlá, kò sí ẹran nínú ọ̀kankan. Ó ti tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ aṣọ tábìlì, ó ti gbé búrẹ́dì mẹ́ta lé ara wọn, ó sì ti fi àga kan àti abọ́ kan sílẹ̀ fún òkú ilé. Àga Metro ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti sọ fún Lyle láàárín ọjọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí rẹ̀, Lyle sì ń mi orí ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó fa àga náà, ó jókòó, ó sì gbé ṣíbí òkú.

"Ọmọ!" ni Orest pariwo. "Àga òkú nìyẹn!"

Lyle wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ò sọ fún mi."

 Stefka gbé abọ́ àlìkámà olóyin sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó di ọmọ náà mú ní apá, ó sì mú un wọ ilé ìdáná.

"Lyle, wò mí. Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo kí ni, Màmá?"

"Má purọ́ fún mi lálẹ́ òní. Orí rẹ."

Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láì yọ ohùn. "Láti ìgbà tí mo ṣubú. Bí i pé kòkòrò oyin ń kùn nínú ẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún kóòṣì. Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn ẹgbẹ́ lè fi ọmọ ṣe pàṣípààrọ̀. Tó bá gbọ́ pé mi ò lè jà, á ti gbé mi fún ẹgbẹ́ míì kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó ṣú. Ta ló tún máa gbà mí? Mi ò mọ rọ́bà gbá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìjà ni mo mọ̀."

"O lè kú."

"Mo lè kú síbòmíì náà. Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Sátidé nìkan ló kù. Tí mo bá jà ní Sátidé, á fi mí sílẹ̀. Ẹ búra fún mi."

Stefka mú un padà sídìí tábìlì. Ní ilé wọn, ẹni tí ó bá gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì Alẹ́ Mímọ́ kì í yẹ ohùn, ìbáà jẹ́ pé yóò kú sí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún lé e.

"Mi ò ní sọ fún kóòṣì, mi ò ní sọ fún dókítà, mi ò ní sọ fún rẹfirí. Ó tán?"

"Ó tán, Màmá. Ẹ ṣeun."

Orest wò ó bí ẹni pé ó ti ya wèrè. 

Ní ọjọ́ Sátidé, Àwọn Ẹfọ̀n Torvald dé nínú ọkọ̀ gbọgbọrọ tí yìnyín bò. Rourke Tveit ló ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀. Ẹni ogún ọdún ni, kò sí irun lórí rẹ̀, imú rẹ̀ ti ṣẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ní oṣù kọkànlá, ó ti na méjì nínú àwọn ọmọ Kalyna títí wọ́n fi gbé wọn jáde. Stefka bá Brannigan pàdé ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìmúra. Ó ti ro ibi tí ìbúra òun dé àti ibi tí kò dé.

"Kóòṣì, ẹ wo ojú Lyle dáadáa kí ẹ tó rán an jáde."

"Ojú kí ni? Ojú ìjà ni mo ń wá."

"Ẹ tún un wò."

"Màmá Stefka," ni Brannigan wí, ó sì fi ọwọ́ lé e léjìká bí ẹni ń tu ọmọdé nínú, "mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mẹ́sàn-án la ti fìdí rẹmi. Àwọn ará ìlú yín yìí fẹ́ jẹ mí láàyè. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn yín, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹgbẹ́ mi."

"Kí n ṣe ilẹ̀kùn mi?"

"Ilẹ̀kùn yín, ìyẹn nìkan."

"Ó dáa," ni Stefka wí.

Ìpele kejì eré náà ni ìjà ṣẹlẹ̀. Góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n wà. Tveit fi èjìká rọ́ ọmọ Kalyna kékeré kan mọ́ pákó tí ó yí yìnyín ká, ọmọ náà sì dùbúlẹ̀ láì mira. Brannigan fọwọ́ kan Lyle lẹ́yìn. Lyle fò kọjá pákó, ó ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, Tveit náà sì ju tirẹ̀. Wọ́n di ẹ̀wù ara wọn mú ní ọrùn. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti Lyle, ó sì la ìpéǹpéjú Tveit. Ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti Tveit. Ó ń lù ú bí ẹni ń lu ìṣó wọ inú igi, ó ń ka iye rẹ̀ sókè ketekete, ẹ̀jẹ̀ ń fọ́n sórí yìnyín funfun, ó sì ń di dúdú lójú ẹsẹ̀ nítorí òtútù. Ní orí ìkẹrin, orúnkún Lyle yẹ̀. Ní orí ìkarùn-ún, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹfirí dé àárín wọn.

"Arcand! Arcand! Arcand!" ni ìlú ń ké, bí ẹni pé òun ló borí.

Stefka ṣílẹ̀kùn. Lyle wọlé, ó fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì bí afọ́jú kí ó tó jókòó. Stefka fi tówẹ́ẹ̀lì nu ojú rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀ ti là gbòòrò bí ti ẹja, ti òsì sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Stefka ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára màlúù tí wọ́n lù lórí tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú.

Nínú àgọ́ kejì, ní òdìkejì ibi tí olùṣọ́ aago jókòó sí, Tveit ń fi ìkúùkù gbá gíláàsì.

"Arcand! Ṣé o ti sùn ni? Màmá ẹ ti bò ọ́ láṣọ? Jáde wá kí n tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní!"

"Wá... wá gbà á," ni Lyle dáhùn, ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́nu. "Òjòwú."

"Òjòwú kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ jowú lára ẹ, imú ẹ àbí eyín ẹ tó kù méjì?"

Olùṣọ́ aago, bàbá kan tí ń jẹ́ Nestor, fi ẹ̀rín bo ẹnu. Stefka kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mẹ́ta. Itọ́ ń kán láti ẹnu Lyle sórí orúnkún rẹ̀, kò sì mọ̀. Ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀kan. Aago pé, rẹfirí fun fèrè, eré dúró. Nestor ké pé kí wọ́n tú àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn Torvald ṣí. Tveit jáde, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró níwájú àgọ́ Kalyna, ó sì ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìlú dìde lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi bàtà gbá pákó ìjókòó títí òrùlé fi ń gbọ̀n. Brannigan ń fi ọ̀pá lu pákó ní òdìkejì: "Lyle! Jáde! Jáde báyìí!" Lyle dìde, ó gbá ògiri mú.

Stefka na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Orest rọ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ṣí i. Ẹnikẹ́ni kì í lò ó mọ́. Stefka ti irin náà wọlé, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì fi gbogbo ara jókòó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá," ni Lyle wí. "Aago ti pé."

"Mo rí aago."

"Ẹ ṣí i! Ẹ búra fún mi!"

"Mo búra pé mi ò ní sọ. Ṣé mo sọ?" Ó wo ojú rẹ̀. "Mi ò fọwọ́ lé búrẹ́dì pé màá ṣílẹ̀kùn fún ẹ. Jókòó."

Rẹfirí dé, ó ń kan gíláàsì. "Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ ń dá eré dúró, màá fìyà jẹ ẹgbẹ́ yín o!"

"Fi jẹ wọ́n."

"Kí ló dé? Kí ló ṣe é?"

"Mi ò ṣí i."

"Ìdí wo?"

"Mo ní mi ò ṣí i."

Tveit fi ọ̀pá ṣá gíláàsì níbi tí orí Stefka wà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, gíláàsì sì là bí ewé ọ̀pẹ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn da kọfí gbígbóná sí i lọ́rùn. "Àjẹ́! Ìyá arúgbó! Ṣílẹ̀kùn fún ọmọkùnrin!" Ẹlòmíràn ju ìgò, ó fọ́ mọ́ ògiri, àfọ́kù rẹ̀ sì gé e létí. Ó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn Metro ni ó ń gbọ́, ohùn ọmọ ogún ọdún, tí ó ń rẹ́rìn-ín pé, "Stefka, tètè ṣí i, wọ́n ń dúró dè mí."

Lójijì, Brannigan gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìjókòó dé. Kò sí "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Arúgbó yìí, kí lò ń ṣe?"

"Ilẹ̀kùn mi ni mò ń ṣe. Ìwọ lo ní kí n ṣe é."

"Màá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ bí ẹní ń yọ ìṣó!"

Ó gun pákó, ó na ọwọ́ kọjá orí Stefka, ó di irin náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Stefka gbé ọ̀pá họ́kì Lyle nílẹ̀. Ogójì ọdún ni obìnrin náà fi gé ẹran. Ó mọ oríkèé egungun bí àlùfáà ti mọ àdúrà. Ó fi etí ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀ sórí ìka Brannigan lẹ́ẹ̀kan péré. Ìka méjì ṣẹ́. Igbe tí ọkùnrin náà ké borí ariwo ìlú, ó ṣubú sẹ́yìn sáàárín àwọn ìjókòó, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá pákó wá bá Stefka. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pàdé Orest, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, tí ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí ó fi ń kó yìnyín.

"Wá," ni Orest wí. "Ìwọ tí ara yá, wá."

Ẹni náà kò wá.

Nígbà náà ni Lyle sọ̀rọ̀. Ó ti jókòó padà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Màmá, ṣé ọkọ̀ ti dé?"

Stefka wẹ̀yìn. "Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ síbi eré. Mi ò tíì palẹ̀ mọ́. Ẹrù mi ṣì wà nínú dùrọ́ọ̀."

Rẹfirí gbọ́ ọ nípasẹ̀ gíláàsì tí ó ti là. Ó tẹjú mọ́ ẹyinjú ọmọ náà, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ó bọ́ akoto rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí, ó sì ké pé kí dókítà wá. Tveit wo inú àgọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Stefka ló fa irin náà yọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n gbé Lyle jáde, ìyẹn sì ni ìgbà ìkẹyìn tí ó ṣí i.

Ní Saskatoon, ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn wà, wọ́n la agbárí ọmọ náà lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ tí ó dì síbẹ̀ jáde. Oníṣẹ́ abẹ sọ fún Orest pé ẹ̀ṣẹ́ kan péré sí i, kì bá tí sí ohun tí àwọn yóò là.

Kalyna kò gbọ́ ìyẹn, tàbí kí a sọ pé ó gbọ́ kò sì gbà. Ohun tí ìlú mọ̀ ni pé ìyà ìdádúró eré náà dín Kalyna kù ní ẹnì kan lórí yìnyín, Torvald lo àǹfààní náà, wọ́n gbá góòlù kẹrin wọlé, ó sì di ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí Àṣá fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan fi ọ̀bẹ gún táyà ọkọ̀ Stefka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn oníbàárà ní ilé ìtajà dúró gedegbe, wọ́n ní kí ẹlòmíràn gé ẹran fún àwọn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Brannigan yọ orúkọ Lyle kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà pé kí Stefka dá ẹ̀wù ẹgbẹ́ padà, kí ó sì kọ ìwé ìtọrọ àforíjì kí wọ́n tó lè gbà á wọ pápá yìnyín mọ́.

Ó dá ẹ̀wù náà padà láì fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú àpò rẹ̀ ni ó fi ìwé sí, ìlà kan ṣoṣo: *Wọ́n ní kí n ṣe ilẹ̀kùn mi, mo sì ṣe é.* Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo ènìyàn, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó tí ó wà lẹ́yìn àgọ́ ìjìyà gan-an. Kò sí ẹni tí ó ní ìgboyà láti lé e jáde. Wọ́n ní bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, tí Stefka bá sì dìde dúró, ọkùnrin tí ó gba ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò ó kí ó tó fọwọ́ kan irin.

Oṣù kẹta ni Lyle padà dé, orí rẹ̀ fífá, ojú ọgbẹ́ náà rí bí ojú ìránṣọ láti etí dé àtàrí. Kò ní gbá họ́kì mọ́ láéláé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò bọ́ bàtà.

"Mo wá kó ẹrù mi."

"Ó wà níbi tó o kó o sí."

"Ẹ ti bayé mi jẹ́, Màmá. Ẹ gbọ́? Ǹ bá ti na Tveit lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ìlú ló ń pe orúkọ mi. Ẹ ti bayé mi jẹ́ pátápátá."

Stefka ń gé àlùbọ́sà. Kò gbójú sókè.

"Ayé wo? Èyí tó o fi dúró níbẹ̀ tó o fi ń bú mi yìí?"

 Ọwọ́ òsì ọmọ náà ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì fi ti ọ̀tún dì í mú.

"Màá bú yín títí màá fi kú," ni ó wí níkẹyìn.

"Máa bú mi. Ó máa pẹ́. Bọ́ bàtà ẹ, ilẹ̀ mi mọ́."

Ó dúró pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, nítorí pé bí ó bá dúró bẹ̀rẹ̀ òòyì yóò kọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Okùn náà takókó. Stefka gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ ràn án lọ́wọ́. Ó kàn dúró, ó ń wò ó, títí ọmọ náà fi tú u fúnra rẹ̀, tí ó rìn kọjá àga Metro, tí ó sì fa àga tirẹ̀.